Break: kí Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́ nǹkan, ẹ bi Yorùbá

Lára àpò ìrẹsì tó ń gba Kútọnu wọlé, tí wọ́n ń tò jọ gègèrè ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ "5% broken", tàbí "25% broken". Ẹni tó kọ́kọ́ rí i á yí àpò náà wò, á ní kò sí ibi tó ti ya, kí ló wá bàjẹ́? Kò sóhun tó bàjẹ́. Hóró ìrẹsì ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ̀rọ bá ń bó ìrẹsì, àwọn hóró kan á kán. Ohun tí 5% ń sọ ni pé bí a bá wọn ìrẹsì náà, èyí tó kán nínú rẹ̀ kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Nínú àpò kílò 50, kílò 2 àbọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 25%, ó lè tó kílò 12 àbọ̀. Faransé ń pe hóró kíkán yìí ní brisures, ọ̀rọ̀ náà sì ń wọ iye tí wọ́n ń ta àpò: bí hóró odidi bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń gòkè. Ẹni tí kò mọ ohun tí broken ń sọ lára àpò ìrẹsì lè san owó 5% gbé 25% lọ sílé.

Break ló bí broken. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ń yọ àwọn ará wa lẹ́nu láti Àjàṣẹ́ dé Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, òun ló yẹ ká jókòó tì dáadáa, nítorí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu wa, a ò kàn lò ó ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, láti kíláàsì sixième, wọ́n máa ń sọ fún ọmọ pé break ni casser ti Faransé. Kò burú, ṣùgbọ́n casser náà fẹ̀ bíi break, kò lè bá yín yan ohunkóhun. Yorùbá ló ń yàn. Kó tó sọ̀rọ̀, ó ti wo irú nǹkan tó wà níwájú rẹ̀: ṣé ó gùn, ṣé ó pẹlẹbẹ, ṣé ó rọ̀, ṣé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀? Àwo fọ́. Igi dá. Eegun kán. Okùn já. Aṣọ ya. Táyà bẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ojúgbà nínú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ojúgbà yìí sì ni àwọn ìbátan break tí ìwé atúmọ̀ èdè ń tò kalẹ̀ láìsọ èyí tó yẹ fún kí ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé "kí ni mi ò bá sọ ní Yorùbá?" kò ní ṣì í mú.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ìpè rẹ̀ ná. Bréèkì ni, ó bá take dọ́gba. Kì í ṣe brííkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà ea kan náà ló wà nínú speak àti weak. Ti àná ni broke, broken ló ń tẹ̀lé have àti is. Ibì kan wà tí Yorùbá ti sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Faransé lọ. À ń sọ pé "àwo fọ́", à ń sọ pé "mo fọ́ àwo", ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, kò sí àfikún. Gẹ̀ẹ́sì náà ní: the plate broke, I broke the plate. Faransé ló ní láti fi se kún un: l'assiette s'est cassée. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé wa ti ń mú "the plate broke itself" wá. Ẹ yọ itself kúrò. Ẹ ro ó ní Yorùbá, ẹ ó rí i pé kò sáyè fún un.

Broke tí kò ní n, bó bá tẹ̀lé am tàbí is, ọ̀rọ̀ àpò ni: I am broke, ọwọ́ mi gbẹ, kò sówó. Nítorí náà, fóònù tó bàjẹ́, broken ni.

Nínú breakfast, ìpè yí padà, ó di brẹ́kfásì. Fast ni ààwẹ̀. Oúnjẹ tó já ààwẹ̀ òru ni. Ẹ wo déjeuner ti Faransé: jeûne ni ààwẹ̀, dé ló ń tú u, èrò kan náà ló bí méjèèjì. Àmọ́ ìṣínu tí àwọn Mùsùlùmí wa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ràmádáànì, break the fast ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá ní breakfast, oúnjẹ àárọ̀ ni olùgbọ́ máa gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wa. Fọ́ jẹ́ ti ohun líle tó ń di àfọ́kù: àwo, ìgò, ẹyin, igbá, ìkòkò. Break kò ní ṣì yín níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ìgò bá bọ́ lọ́wọ́ tó sì fi agbára balẹ̀, tàbí tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ là á mọ́lẹ̀, smash ló gbé agbára yẹn. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, shatter. Dígí ọkọ̀ ló fi ìyàtọ̀ hàn jù. Dígí ẹ̀gbẹ́, bí nǹkan bá bà á, ó ń di hóró kéékèèké lójú kan náà, ó dà sórí ìjókòó: it shattered. Dígí iwájú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé dígí méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi ike tín-ín-rín sáàárín wọn. Òkúta bà á, ìlà yọ lára rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn, síbẹ̀ kò já bọ́: it cracked.

Crack ni sísán wa. Ìkòkò tó sán ṣì dúró lódidi lójú, omi ló máa tú u fó. Àtẹ́lẹsẹ̀ sán nígbà ọyẹ́: cracked heels. A ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Lanu inú òwe yìí, crack gan-an ni. Ẹni tó bá kọ̀wé sí bíríkìlà pé the wall is broken ti sọ fún un pé ògiri ti wó, bíríkìlà á sì gbé iye bílọ́ọ̀kù tí a ò nílò wá. Pípa èkùrọ́ náà crack ni, torí èèpo nìkan la fẹ́ fọ́, a fẹ́ kí ọmọ inú rẹ̀ jáde láìfarapa. Obì yàtọ̀: awẹ́ rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, a kàn ń yà wọ́n síra ni. Split ló bá a mu jù, bí ti igi tí a fi àáké là, àmọ́ bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, break kola lẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn, ó sì ti di tiwọn.

Kán, dá àti ṣẹ́ jẹ́ ti ohun gígùn líle: eegun, igi, ẹsẹ̀ àga, ojú abẹ́rẹ́, kọ́kọ́rọ́. Break dára fún gbogbo wọn. Snap ni kí ẹ mú bó bá ṣẹlẹ̀ lójijì tí ìró rẹ̀ sì dún, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ dá sínú àgádágodo. Fún eegun, fracture ni dókítà máa kọ sílẹ̀. Faransé ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ìpè nìkan ló yàtọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: ẹsẹ̀ tó rọ́ kò kán. Sprain ni. Eegun tó yẹ̀ kúrò ní oríkèé, dislocated ni. Bí ẹ bá kọjá sí Nàìjíríà tí ẹ sì wọ ọsibítù, tí ẹ sọ pé "my leg is broken" fún ẹsẹ̀ tó rọ́ lásán, fọ́tò eegun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ lọ yà, ẹ ó sì sanwó rẹ̀.

Já jẹ́ ti ohun tó ń na tàbí tó ń so nǹkan pọ̀. Okùn já, òwú já, ṣéènì alùpùpù já: break tàbí snap. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tó já kò break, the button came off. Ewé tí a já lórí igi, pluck. Ohùn tó ń já lórí fóònù nígbà tí ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń bá ará Èkó sọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní you're breaking up. Omi aláboyún náà ń já ní Yorùbá, èdè méjèèjì sì bára mu níbẹ̀: her waters have broken. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó bá gbé aláboyún sáré dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Faransé gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn yìí lẹ́nu, kó sì fi aago tí omi náà já kún un.

Ya ni ti aṣọ, ìwé, àpò, ewé. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fi break kàn án. Tear ni, àná rẹ̀ ni tore, torn ló ń tẹ̀lé is. Nítorí náà, àpò ìrẹsì tó ya ní ojú ọ̀nà jẹ́ torn bag, ìrẹsì inú rẹ̀ ló lè jẹ́ broken. Ẹni tó bá kọ "10 broken bags" sínú ìwé ẹjọ́ ọjà tó fara gbá ti kọ ohun tí ẹni tó ń kà á kò ní mọ ibi tó máa gbé e sí. Ẹ pe tear bí tẹ́à. Bí ẹ bá pè é ní tíà, omijé lẹ sọ.

Bẹ́ ni burst: táyà, páìpù omi, bàlúù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Burst kì í yí padà, àná, òní, gbogbo rẹ̀ burst ni. Táyà tí ìṣó gún tó ń jò díẹ̀díẹ̀ kò tíì bẹ́, puncture nìyẹn. Rírún ni crush bí ẹnì kan bá rún un, crumble bó bá ń rún fúnra rẹ̀ bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ.

Bàjẹ́ ló kù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ jẹ́ broken, kódà bí kò sí ibì kankan tó fọ́ lára rẹ̀. Oúnjẹ tó bàjẹ́ kì í jẹ́ broken láé: tòmátì, ẹja, ẹran, spoiled tàbí rotten. Fún fóònù, ẹ ṣe àlàyé. Bí ojú rẹ̀ ló sán, the screen is cracked. Bí kò bá tàn mọ́, it is broken tàbí it doesn't work. Àtúnṣe méjèèjì àti owó wọn kò jọra.

Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́ fúnra rẹ̀ tàn yín. "Orí ń fọ́ mi" kì í ṣe my head is breaking. I have a headache ni. Ojú tó fọ́, blind. Ìlú tó fọ́ náà ń bẹ. Nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, a kì í sọ pé Ketu broke. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú, Ketu fell. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ogun, they sacked Ketu, tàbí they destroyed it. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu tó ń kọ ìtàn ìlú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọsẹ̀ níbí, ó sì yẹ kí ìtàn tó wúwo báyìí jáde ní èdè tó tọ́.

Àwọn ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú náà ń fọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. A rú òfin: break the law, tàbí violate nínú ìwé agbẹjọ́rò. A yẹ àdéhùn: break a promise. Bí àdéhùn náà bá jẹ́ ti ìwé tí a fọwọ́ sí, breach ni wọ́n ń kọ, breach of contract. Break a promise tọ́ fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kò tó fún ìwé tí owó wà lórí rẹ̀. A jẹ èèwọ̀: Yorùbá ń jẹ ẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ń fọ́ ọ, break a taboo. Dalẹ̀ ni mo rò pé break kò lè gbé rárá. Ẹni tó dalẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ tí wọ́n jọ mu lójú. Betray ló sún mọ́ ọn, síbẹ̀ ilẹ̀ ti jábọ́ nínú rẹ̀.

Break the news ni èyí tó wù mí jù. Àwọn tó ń kọ́ èdè ń rò pé sísọ ìròyìn lásán ni. Ìròyìn tó máa dun olùgbọ́ ni, tí ẹni tó mú un wá ń wá ọ̀nà tó máa gbà sọ ọ́. Bí àgbà bá kú, tí àwọn ẹbí jókòó láti túfọ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tó yege ìdánwò kò nílò ẹni tó máa break it to him, tell tó. Breaking news ti orí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: ìròyìn yàjóyàjó, tó dùn tàbí tó korò.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé break ń yí i padà pátápátá, kò sì sí ọgbọ́n kan tó lè kó gbogbo wọn. Break down: ọkọ̀ kọ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí gbogbo wa ń pè ní panne. Èèyàn náà lè break down, kó bú sẹ́kún lẹ́yìn tó ti pa á mọ́ra tipẹ́. Break out jẹ́ ti àrùn, iná àti ogun, ó bá "bẹ́ sílẹ̀" wa mu wẹ́kú. Break in ni ti olè tó já ilẹ̀kùn wọlé, ó tún jẹ́ ti ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ẹ rí i pé já ló wà nínú méjèèjì lẹ́nu wa. Break up: àwọn olólùfẹ́ méjì pínyà. Break even: oníṣòwò rí ojú owó rẹ̀ padà, kò jèrè, kò sì pàdánù. Bí ẹ bá ra àpò kan ní 20,000 sẹ́fà, tí owó ọkọ̀ jẹ́ 500, tí ẹ sì tà á ní 20,500, you broke even.

Nínú ìwé ọjà, mẹ́ta ló ń dààmú èèyàn. Price breakdown kò ní ìbàjẹ́ nínú: àlàyé bí owó ṣe pín ni, iye ọjà lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó ibodè lọ́tọ̀. Bí oníbàárà láti Nàìjíríà bá béèrè rẹ̀, ẹ má ṣe kọ̀wé padà pé ọjà yín kò bàjẹ́. Breakage ni èyí tó fọ́ lọ́nà. Break bulk jẹ́ ti èbúté: ẹrù tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ òkun ní àpò àpò tàbí ìdì ìdì, láìfi kọ̀nténà kó o. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrẹsì ṣe ń wọ Kútọnu, kò sì túmọ̀ sí pé àpò kankan fọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ iná náà á rí breaker lára àpótí iná tó ti Nàìjíríà wá, pẹ̀lú 16A tàbí 32A lára rẹ̀. Disjoncteur ni. Bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ju agbára rẹ̀ lọ, á já a.

Owó náà ń ṣẹ́. "Ẹ bá mi ṣẹ́ 10,000 yìí" jẹ́ can you break this 10,000? Ẹni tó ní ẹ bá òun ṣẹ́ ẹ ń fẹ́ 5,000, 2,000, 1,000 tàbí 500. Change ni kí ẹ lò bó bá jẹ́ pé sẹ́fà lẹ fẹ́ fi gba náírà. Ní Ìgòlò, ní ibodè, bí ẹ bá ní kí wọ́n change owó, náírà ni wọ́n máa kà fún yín.

Ìsinmi ni break bó bá jẹ́ orúkọ: a short break, lunch break, récréation ti ilé ìwé. Rest gùn jù ú lọ, ó sì jẹ́ ti ara tó rẹ̀. Pause kúrú jù ú lọ. Break a leg sì wà, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gun orí ìtàgé. Ní etí wa, èpè ni. Kí orí bá ọ ṣe é ni wọ́n ń wí, ẹ má dá a padà.

Ọ̀rọ̀ méjì kan kù tó jọ ara wọn. Un break ti Faransé jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó ń gba ẹrù, bíi Peugeot 504 break tí gbogbo awakọ̀ àtijọ́ mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í pe ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ mọ́, estate tàbí station wagon ni. Èkejì ni brake, frein, ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ìpè rẹ̀ àti ti break kò yàtọ̀ rárá, ìkọ̀wé nìkan ló yà wọ́n. Bí oní-zémidjan (ọlọ́kadà) bá ń kọ̀wé ra ohun èlò láti òdìkejì ibodè, brake shoe tàbí brake pad ni kó kọ, b-r-a-k-e. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà: shoe ni èyí tó ń ṣí sílẹ̀ nínú ìlù táyà, pad ni èyí tó ń fún irin pẹlẹbẹ mọ́ra. Kó wo táyà alùpùpù rẹ̀ kó tó fi ìwé ránṣẹ́.